Kí Màlúù Tó Dé, Ẹ Wọn Afẹ́fẹ́

  

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi, ẹ̀yin ará Ìjùrìn-Èkìtì, ni pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń wọn afẹ́fẹ́ àti gáàsì níbi tí wọ́n bá kó màlúù púpọ̀ jọ sójú kan, tí wọ́n ń bọ́ wọn kí wọ́n lè sanra. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín á ti máa bi ara rẹ̀ pé, ọgbà màlúù wo ló wà ní Ìjùrìn? Láti Ìjerò dé Àrámọ̀kọ, láti Àrámọ̀kọ dé Ẹ̀fọ̀n, ẹran tí a mọ̀ ni màlúù tó ń ti etí oko kan bọ́ sí òmíràn, èyí tí alápatà so mọ́ ẹ̀yìnkùlé fún ọjọ́ mélòó kan, àti àgbò tí à ń bọ́ de Iléyá. Òótọ́ ni. Torí pé ọgbà ńlá náà kò tíì dé ni mo ṣe gbà láti wá. Ẹni tí kò mọ bí afẹ́fẹ́ ìlú rẹ̀ ṣe rí kí ọgbà màlúù tó dé, lọ́jọ́ tí ọgbà bá dé tí ojú ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ta, ẹnu lásán ni yóò fi jà, ẹnu olówó sì máa ń dùn ju tirẹ̀ lọ. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ yín nísinsìnyí. Gbogbo ohun tí mo bá sọ lẹ́yìn èyí, àlàyé lórí rẹ̀ ni.

Pé ọgbà yóò dé kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016 ni wọ́n pa èèyàn nínú wàhálà darandaran ní Òkè-Àkò, lápá àríwá Èkìtì níhìn-ín. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún náà, Gómìnà Ayọ̀délé Fáyóṣé fọwọ́ sí òfin tó de fífi màlúù jẹ̀ káàkiri. Ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà gúúsù péjọ sí Àsàbà, wọ́n ní kí ẹran jíjẹ̀ ní gbangba dópin ní gbogbo gúúsù. Oṣù Keje ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ya ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn sọ́tọ̀, ó fún un ní ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tirẹ̀. Ní Ìkún-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Mọ́bà, ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí àti ilé-iṣẹ́ Promasidor ti jọ jí oko màlúù oníwàrà àtijọ́ dìde. Ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ: màlúù tó ń rìn yóò dúró. Màlúù tó bá sì dúró, ìgbẹ́ rẹ̀ dúró, ìtọ̀ rẹ̀ dúró, èémí rẹ̀ náà dúró. Nígbà tí à ń jà lórí òfin wọ̀nyí, iṣu àti ẹ̀gẹ́ là ń sọ, ẹ̀mí èèyàn là ń sọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. N ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ afẹ́fẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí afẹ́fẹ́ ibi tí màlúù ti dúró ṣe ń rí, kó rántí ọjà màlúù Kárà, lẹ́bàá odò Ògùn, nítòsí Lọ́ńgì Bírìjì, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Kò sí ọmọ Èkìtì tó ń lọ Èkó tí kò mọ ibẹ̀. Imú á ti sọ fún ọ kí ojú tó rí ìwo màlúù àkọ́kọ́. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì á máa ti fèrèsé. Ṣùgbọ́n kí ni ohun tí à ń gbọ́ ní Kárà gan-an? Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ màlúù wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ibi tí wọ́n ti ń pẹran wà níbẹ̀. Ẹrẹ̀ odò wà níbẹ̀, èéfín ọkọ̀ akẹ́rù tó ń dúró, tó ń lọ, wà níbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá sì ti ń fi táyà sun awọ kó lè di pọ̀nmọ́, irú èyí tí a mọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ìpẹran nílẹ̀ yìí, èéfín dúdú yẹn burú ju ti màlúù lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Imú kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó pè é ní òórùn màlúù. Bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù báyìí, lọ́yà tó mọṣẹ́ á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn àgbẹ̀ mọ ammonia dáadáa, orúkọ ni wọ́n lè má mọ̀. Ẹni tó bá ti tú àpò yùríà tí omi ti wọ̀, tó sì gbé orí sẹ́nu àpò náà, ó ti pàdé rẹ̀: á ta á nímú, á fa omi lójú rẹ̀. Yùríà yẹn náà ló wà nínú ìtọ̀ màlúù. Bí ìtọ̀ bá ti kan ìgbẹ́ nílẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí tó wà nínú ìgbẹ́ á tú u palẹ̀, láàárín wákàtí díẹ̀ ammonia á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nínú ọgbà tí màlúù ti há, bí ìdajì nínú nitrogen tó wà nínú oúnjẹ tí wọ́n fún ẹran ló lè gba ọ̀nà yìí lọ. Owó ajílẹ̀ ló ń fò lọ yẹn o, ẹ̀yin tí ẹ ń ra àpò kan ní iye tí ẹ ń rà á báyìí. Ammonia kò sì dá lọ. Bí ó bá pàdé ásíìdì tó ti inú èéfín ọkọ̀ àti igbó sísun wá, wọ́n á jọ di eruku kíkúnná tí wọ́n ń pè ní PM2.5, èyí tí nǹkan bí ọgbọ̀n rẹ̀ tí a bá tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò ju ìbú irun orí kan ṣoṣo lọ. Irú eruku yẹn kì í dúró ní imú. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, òmíràn á tibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Èkejì ni hydrogen sulphide, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́. Inú kòtò tí ìgbẹ́ àti omi bá ti dúró tí afẹ́fẹ́ kò wọlé sí ló ti ń wá. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ó lè gba ẹ̀mí là. Díẹ̀ kínún rẹ̀ ni imú fi ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ tó nǹkan bí 100 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, imú kò ní lè gbọ́ ọ mọ́. Èèyàn á rò pé òórùn náà ti lọ, nígbà tó jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an ni ikú dé. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ kòtò ló ń sùn sí. Lókè òkun, ó ti ṣẹlẹ̀ léraléra pé ẹnì kan dákú nínú kòtò ìgbẹ́, àbúrò rẹ̀ fò wọlé láti fà á jáde, òun náà kò gòkè mọ́. Bí ọgbà màlúù bá dé sí àgbègbè yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò ìgbẹ́ nítorí pé kò gbọ́ òórùn.

Ẹ̀kẹta ni methane, òun ni ìròyìn ayé ń pariwo. Inú màlúù ní yàrá mẹ́rin. Nínú èyí tó tóbi jù, koríko ń kan bí ògì ṣe ń kan nínú ìkòkò, gáàsì á máa gbára jọ níbẹ̀, màlúù á sì gùfẹ̀. Màlúù tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi tó ń jẹ àpọ̀jẹ, iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Kí n sọ ọ́ kí ẹ̀rín lè tán: ìsó kọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún methane tó ti inú màlúù wá, ó lé ní àádọ́rùn-ún tó ń gba ẹnu àti imú jáde. Kò ní òórùn rárá. Ẹ lè dúró ti màlúù kan láti àárọ̀ dé alẹ́, imú yín kò ní sọ nǹkan kan fún yín nípa rẹ̀. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ IPCC tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ fún gbogbo ayé sọ pé láàárín 100 ọdún, kílò kan methane láti inú ẹran ń mú ayé gbóná tó nǹkan bí kílò 27 carbon dioxide. Láàárín 20 ọdún, ó tó nǹkan bí 80. Èyí tó ń rùn kọ́ ló ń mú ayé gbóná, èyí tó ń mú ayé gbóná kò rùn. Ẹni tó bá ń fi imú wọn ọgbà màlúù, ìdajì ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nitrous oxide náà wà, láti inú ìgbẹ́ àti ilẹ̀ tí ìtọ̀ ti rin. Màá padà sí i.

Ìṣòro mìíràn tún wà pẹ̀lú imú, bó ti wù kó mú tó: ohunkóhun tó bá ti pẹ́ níwájú rẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára. Ìyá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáà á ní òun kò gbọ́ òórùn kankan. Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà á dimú. Kò sẹ́ni tó ń parọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ó yá, báwo la ṣe ń wọ̀n ọ́n? Irinṣẹ́ tó rọrùn jù fún ammonia kò lo iná, kò lo bátìrì, ó sì kéré tó ohun tí èèyàn lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò. Bébà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti fi ásíìdì rẹ, tí wọ́n sì ti sá gbẹ. Ogawa ti ilẹ̀ Japan jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ ó ri òpó mọ́lẹ̀, ẹ ó gbé e kọ́ síbi tó ga tó imú àgbàlagbà, ẹ ó fi abọ́ ike dé e lórí nítorí òjò, ẹ ó kọ ọjọ́ àti wákàtí. Afẹ́fẹ́ á máa wọlé fúnra rẹ̀, ammonia inú rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ bébà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ ó já a, ẹ ó dé e pinpin, ẹ ó gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Wọ́n á fi omi fọ bébà yẹn, wọ́n á ka iye tó wà nínú omi náà, wọ́n á sì fi wákàtí tó lò lórí òpó ṣírò iye tó wà nínú afẹ́fẹ́. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ bá àwọn yòókù lọ, kó bá wọn bọ̀, tí a kò ní ṣí rárá. Òun ló máa jẹ́rìí pé kì í ṣe inú mọ́tò tàbí lọ́wọ́ ẹni tó gbé e ni ammonia ti kó sí i. Ẹ má sì kan òpó mọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná, ẹ má kàn án sí ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá, ẹ má kàn án síbi tí ewúrẹ́ ìyá ẹnikẹ́ni ń sùn. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí ni ewúrẹ́ lè bàjẹ́.

Òpó kan ṣoṣo kò wúlò. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan sí ẹ̀yìn ọgbà tó sì ka nǹkan púpọ̀, mélòó ló ti inú ọgbà wá, mélòó ni atẹ́gùn gbé wá láti ibòmíràn? Ẹ gbọ́dọ̀ ní òpó níbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ kó tó kan ọgbà, kí ẹ tún ní òmíràn níbi tó ń lọ lẹ́yìn tó ti kan ọgbà. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì, ohun tó kù ni ti màlúù. Àwọn onímọ̀ bíi Thomas Flesch ní Yunifásítì Alberta, ilẹ̀ Kánádà, ti gbé ìṣirò yìí síwájú débi pé láti orí ìlà léésà kan tó gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà kọjá, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ka atẹ́gùn, wọ́n lè sọ iye kílò gáàsì tí ọgbà odindi ń tú jáde lójúmọ́, láìfọwọ́ kan màlúù kankan.

Fún eruku, ẹ̀rọ kékeré wà tó ń fi léésà ka á ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Kò wọ́n tó màlúù kan lóde òní. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà á gbọ́ láìbi í léèrè. Láàárọ̀ tí ìkùukùu bá bo òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ̀kán omi kéékèèké inú ìkùukùu ni irú ẹ̀rọ yìí á máa kà mọ́ eruku, á máa pariwo pé afẹ́fẹ́ ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rinrin gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ńkọ́? Eruku tó ti ihà Bodélé ní ilẹ̀ Chad wá nìkan, kí màlúù kankan tó gbé ẹsẹ̀, máa ń kọjá ìwọ̀n 5 máíkírógíráàmù PM2.5 nínú kúbíìkì mítà kan tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi lélẹ̀ ní 2021 fún ọdún kan. Bí ẹ bá wá wọn ọgbà màlúù ní oṣù Kìíní nìkan, ẹ ó dá a lẹ́bi ohun tí aṣálẹ̀ ṣe. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n ní oṣù Kẹsàn-án nìkan, òjò á ti fọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ dànù.

Methane ló le jù láti wọ̀n. Lọ́dún 1994, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Washington, ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà kan jáde: wọ́n á fi páìpù pénpé kan sínú ikùn màlúù, gáàsì mìíràn tí a mọ iye rẹ̀ á máa ti inú rẹ̀ jò jáde, wọ́n á wá fi àgbá kékeré kọ́ màlúù lọ́rùn, okùn rọ́bà tín-ín-rín kan á ti ibẹ̀ lọ dé ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀. Màlúù á máa jẹ̀ kiri, àgbá á máa fa èémí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí gáàsì tí a mọ iye rẹ̀ àti methane bá ṣe pọ̀ sí nínú àgbá yẹn ni wọ́n fi ń mọ iye tí màlúù gùfẹ̀. Ní Nairobi, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ILRI, wọ́n ní yàrá tí wọ́n ń ti màlúù mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n ń ka gbogbo èémí tó wọlé àti èyí tó jáde.

Kí nìdí tí wàhálà yìí fi tó bẹ́ẹ̀? Ẹ gbọ́. Lọ́dún 2006, IPCC kọ ọ́ pé kí orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí kò bá ní ìwọ̀n tirẹ̀ máa fi kílò methane 31 lọ́dún ṣírò fún màlúù kọ̀ọ̀kan tí kì í ṣe oníwàrà. Lọ́dún 2019, wọ́n tún ìwé náà ṣe, ó di 52. Bí ẹ bá ní màlúù 500, kílò 15,500 ni lọ́jọ́ àná, ó di 26,000 lónìí, kò sì sí màlúù kan tó gùfẹ̀ jù bó ṣe ń gùfẹ̀ tẹ́lẹ̀. N ò dá ìgbìmọ̀ náà lẹ́bi. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá wọn ti ara rẹ̀, ẹlòmíràn ní yàrá jíjìn ni yóò máa kọ iye rẹ̀ fún un. Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé láti dín methane kù.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ṣebí sátẹ́láìtì wà lókè tó ń wo gbogbo rẹ̀. Ó wà lóòótọ́. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù àti Faransé fi sátẹ́láìtì wá ibi tí ammonia ti ń rú jáde jákèjádò ayé; wọ́n rí ibi 248, wọ́n sì so 83 nínú wọn mọ́ ibi tí ẹran ọ̀sìn ti há pọ̀. Àwọn ọgbà ńláńlá Amẹ́ríkà hàn gbangba nínú àwòrán yẹn. Àmọ́ sátẹ́láìtì Sentinel-5P tó gòkè ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ojú kan ṣoṣo nínú àwòrán methane rẹ̀ gbòòrò tó kìlómítà 5.5 sí 7. Ìjùrìn àti oko etílé rẹ̀ lè wọnú ojú kan náà tán. Nígbà òjò, ìkùukùu á tún dí i lójú. Ẹ má gbọ́kàn lé e.

Ẹ jẹ́ ká kọ́ṣẹ́ lára àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wa. Ní ìwọ̀-oòrùn àríwá Texas, ní àgbègbè Amarillo àti Hereford, ọgbà kan lè ní ẹgbẹẹgbàárùn-ún màlúù. Ohun tí wọ́n ṣàkíyèsí níbẹ̀ ni pé eruku kì í pọ̀ lọ́sàn-án. Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ tí ara bá tu màlúù, wọ́n á dìde, wọ́n á máa sáré, wọ́n á máa ti ara wọn, ìgbẹ́ gbígbẹ á sì dìde di eruku. Àkókò yẹn gan-an ni atẹ́gùn ń rọlẹ̀, eruku ò ní ríbi lọ. Aláṣẹ tó bá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá ní aago méjìlá ọ̀sán tó sì gbé e lọ ní aago mẹ́ta, á kọ ọ́ sínú ìwé pé afẹ́fẹ́ mọ́ lóló. Àwa ní tiwa, ìrọ̀lẹ́ ni à ń dáná, ìrọ̀lẹ́ ni ọmọdé ń ṣeré lójúde.

Ẹ̀kọ́ kejì láti Amẹ́ríkà kò dùn. Lọ́dún 2005, àjọ EPA tiwọn, tó ń bójú tó àyíká, bá àwọn olóko ẹran ṣàdéhùn: àwọn olóko á dá owó, wọ́n á fi wọn gáàsì, EPA náà kò sì ní fi ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá pè wọ́n lẹ́jọ́. Oko tó sún mọ́ 14,000 ló fọwọ́ sí i. Wọ́n wọn afẹ́fẹ́ láti 2007 sí 2010, ti ẹlẹ́dẹ̀, ti adìyẹ, ti màlúù oníwàrà. Ọgbà ìsanra màlúù kò sí nínú rẹ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí wọ́n ṣì ń ṣe àtúnṣe ìṣirò. Láàárín gbogbo ìgbà yẹn, ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ṣì ń mí. Kò burú kí olóko san owó ìwọ̀n. Kí ìwọ̀n má ṣe di àga tí àwọn aláṣẹ ń sùn lé lórí ni tèmi.

Ti Kẹ́ńyà ló bà mí lẹ́rù jù. Àwọn onímọ̀ tó bá ILRI ṣiṣẹ́ lọ wọn ilẹ̀ ibi tí darandaran ti máa ń há màlúù mọ́ lálẹ́, irú ohun tí àwa ń pè ní gáà. Ìwé wọn jáde ní 2020. Wọ́n rí i pé nitrous oxide ṣì ń jáde láti irú ilẹ̀ yẹn lẹ́yìn tí màlúù ti kúrò níbẹ̀, àní níbi tí wọ́n ti fi sílẹ̀ láti nǹkan bí 40 ọdún. Gáàsì yìí sì fi ìlọ́po 273 ju carbon dioxide lọ láti mú ayé gbóná. Nínú igbó tiwa níhìn-ín, gáà àtijọ́ wà tí àwọn àgbà lè nawọ́ sí. Kò yẹ kí òpó wa fo irú ibẹ̀.

Senegal sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀bi màlúù lásán. Ní àgbègbè Ferlo, Mohamed Habibou Assouma àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ka ohun tí màlúù tú jáde, wọ́n tún ka ohun tí ilẹ̀ àti igi gbà padà, jálẹ̀ ọdún. Nígbà tí ìwé wọn jáde ní 2019, ohun tó wọlé àti èyí tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Màlúù tó ń rìn kiri ní Sahel, ilẹ̀ ń bá a ru ẹrù rẹ̀. Ọgbà ìsanra ní àǹfààní tirẹ̀: oúnjẹ tó dára ń mú kí màlúù tètè tóbi, methane tó bá kílò ẹran kan rìn á dín kù. Ṣùgbọ́n ammonia àti eruku tí ì bá tàn ká ilẹ̀ púpọ̀, ojú kan ló ń sọ ọ́ kalẹ̀, nítòsí àwọn èèyàn kan. Ayé lè jèrè kí Ìjùrìn pàdánù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èrè ayé dí yín lẹ́nu.

Ó wá ku ilẹ̀ tiwa. Àgbègbè olókè ni wá. Láti bí oṣù Kẹta dé oṣù Kẹwàá, atẹ́gùn gúúsù ìwọ̀-oòrùn, èyí tó ń ti òkun bọ̀, ló ń jọba. Nígbà ọyẹ́, ti àríwá ìlà-oòrùn ló ń fẹ́. Ọgbà tó bá wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú, ìlú ni yóò máa mí sí ní ọ̀pọ̀ oṣù ọdún. Èyí tó bá wà ní àríwá ìlà-oòrùn, eruku rẹ̀ á bá wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó burú jù. Èyí kò tíì tó. Lálẹ́ tí ọ̀run bá mọ́ tí ewé kò mì, ilẹ̀ orí òkè á kọ́kọ́ tutù, afẹ́fẹ́ tó kàn án á tutù, á wúwo, á sì máa rọra ṣàn lọ sí àfonífojì, láìka ibi tí atẹ́gùn ọ̀sán ń fẹ́ sí rárá. Afẹ́fẹ́ tó móoru á sì dé e mọ́lẹ̀ títí oòrùn á fi ran. Ẹ̀yin tí ẹ ń jí lọ sóko ní ìdájí mọ bí èéfín ṣe ń tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀ nínú kòtò láàárọ̀. Ọgbà tó wà lókè àfonífojì tí ilé wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ilé ni gáàsì rẹ̀ ń wá sùn. Olùtajà ilẹ̀ kò ní sọ èyí fún yín, àwòrán ilẹ̀ láti Adó kò sì ní fi hàn.

Ohun kan wà tí ẹ kò ní fẹ́ gbọ́. Bí a bá wọn afẹ́fẹ́ wa lónìí, àwa fúnra wa ni yóò kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn kàn. Igi ìdáná tí ìyá wa ń fẹ́ láàárọ̀ láàárọ̀ wà níbẹ̀. Igbó tí à ń sun lọ́dọọdún wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ilé àti eruku ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà ní Ìjerò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀sùn kàn wá. Lọ́jọ́ tí ọgbà màlúù bá dé tí olóko bá ní èéfín ìdáná yín ló ń ta yín lójú, ẹ ó ṣí ìwé, ẹ ó ní: èéfín ìdáná wa rèé, bó ṣe tó kí o tó dé nìyí, èyí tó lé lórí rẹ̀ ńkọ́?

Òpó mẹ́rin ni mo dá lábàá: ọ̀kan ní ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀kan níbi tó rẹlẹ̀ jù nínú ìlú, ọ̀kan ní gáà àtijọ́, ọ̀kan lókè tí kò sí ilé rárá. Odindi ọdún kan, kí òjò àti ọyẹ́ lè wọ inú rẹ̀ méjèèjì. Yàrá àyẹ̀wò kò jìnnà: Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì àti Federal Polytechnic wà ní Adó, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀yẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá iṣẹ́ àṣekágbá kò sì wọ́n níbẹ̀. Kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì máa kọ atẹ́gùn sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́; aṣọ pélébé lórí òpó ti tó láti fi mọ ibi tó ń fẹ́ sí. Kí àkọsílẹ̀ náà wà lọ́nà mẹ́ta: ọ̀kan láàfin, ọ̀kan ní ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀kan lọ́dọ̀ olórí gáà, torí òun àti ìdílé rẹ̀ ni ọgbà yóò sún mọ́ jù, kò sì yẹ ká máa wọn afẹ́fẹ́ tó ń mí láìsọ fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá wá tọrọ ilẹ̀ fún màlúù, yálà ọmọ Èkìtì ni tàbí àlejò, kí ibi tí òpó máa wà àti wákàtí tí a ó máa kà á, ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí pẹ̀lú, wọnú àdéhùn kí a tó gba ọtí ilẹ̀.

Mo ti fi àwòrán ìlú sórí tábìlì níwájú yìí, mo sì fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí ibi tí mo rò pé òpó kejì yóò wà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibi tí ìkùukùu ti máa ń pẹ́ kó tó ká láàárọ̀, ẹ wá wò ó kí ẹ tó lọ, ẹ bá mi sún un síbi tó bá tọ́.